Báwo Ló Ṣe Dùbúlẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìhanrun àti Èémí Tó Ń Dúró Lójú Oorun

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá ọ̀pọ̀ wa lóru, tí gbogbo ilé ń gbọ́, tí ẹni tó ń ṣe é nìkan kì í gbọ́. Ìhanrun ni. Ohun tí mo ní í sọ lórí rẹ̀ kò pọ̀: bí ẹnì kan bá ń hanrun, tí èémí rẹ̀ sì ń dúró lójú oorun, ìbéèrè kan wà tó yẹ ká bi ará ilé rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Báwo ló ṣe dùbúlẹ̀ nígbà tó ń ṣe é? Ìbéèrè yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Síbẹ̀, mo gbà pé a kì í béèrè rẹ̀ tó, nílé àti nílé ìwòsàn pẹ̀lú.

Láàárín wa, wọ́n á ní ẹni tó ń hanrun ti sùn wọra, iṣẹ́ ló ṣe kó tó sùn. Bí ẹni yìí kan náà bá ta jí lóru, tó ń mí gúlegúle bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, wọ́n á tún ní ogun òru ni, àwọn kan ló wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí lójú oorun máa ń ta jí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àti pé a lè ka iye ìgbà tó dí, a sì lè tọ́jú rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà máa gbàdúrà rẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ká wo ọ̀fun rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé èémí láti òkè wá sísàlẹ̀. Imú ní egungun tó là á sílẹ̀. Gògóńgò àti ọ̀nà tó ti ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ní kérékeré tí kò jẹ́ kí ó pa dé. Ṣùgbọ́n ibi tó wà láàárín àwọn méjèèjì, láti ẹ̀yìn àjà ẹnu títí dé orí gògóńgò, kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ẹran rírọ̀ ló yí i ká: gbòǹgbò ahọ́n níwájú, ẹran tó rọ̀ lẹ́yìn àjà ẹnu lókè, ògiri ọ̀fun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn. Egungun kékeré kan wà lọ́rùn lókè gògóńgò, ṣùgbọ́n kò kan egungun mìíràn kankan nínú ara. Iṣan ló so ó rọ̀. Ìdí tí ọ̀fun wa fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ibẹ̀ la fi ń gbé òkèlè mì, ibẹ̀ náà sì ń yí padà bí a ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tó le gbọingbọin kò ní lè ṣe iṣẹ́ wọ̀nyẹn.

Lójú mọmọ, iṣan ló ń dáàbò bo ibẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú wọn so mọ́ ẹ̀yìn àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ó tẹ́ wọnú ahọ́n, òun ló sì ń fa ahọ́n síwájú nígbàkigbà tí a bá ń mí sínú. Bí oorun bá ti dé, àwọn iṣan yìí á dẹwọ́. Nígbà tí a bá wá wọnú oorun tí a fi ń lá àlá, ọ̀pọ̀ iṣan ara á rọ pátápátá. Iṣan tó pààlà àyà àti ikùn kò gbọdọ̀ sinmi, òun ló ń fa èémí. Ọ̀fun tó rọ̀, tí iṣan kò dì mú dáadáa mọ́, ni afẹ́fẹ́ wá ń gbà kọjá. Ẹ ronú sí omi inú ọ̀rá, píọ́ wọ́tà tí gbogbo wa ń mu. Nígbà tí omi inú rẹ̀ bá kù díẹ̀, bí a bá ṣe ń fà á kíkankíkan tó ni ọ̀rá náà ń lẹ̀ mọ́ra tó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fun tó ti tóóró: bí àyà bá ṣe ń làkàkà láti fa èémí tó, bẹ́ẹ̀ ni ògiri rẹ̀ ń súnmọ́ ara wọn. Nígbà tí àyè bá ṣì kù, ẹran rírọ̀ yẹn á máa gbọ̀n, gbígbọ̀n náà la ń gbọ́ bí ìhanrun. Nígbà tí kò bá sí àyè mọ́, ariwo á dákẹ́, àyà á máa gòkè sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò ní wọlé.

Wàyí o, kí ni fífẹ̀yìn lélẹ̀ ń ṣe sí gbogbo èyí? Èkíní jẹ́ ti òòfà ilẹ̀. Ahọ́n wúwo. Ẹran ẹ̀yìn àjà ẹnu ní ìwúwo tirẹ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ náà sì ń yẹ̀ sẹ́yìn bí ẹnu bá ti là. Bí a bá kọjú sí àjà ilé, gbogbo wọn á bá ìwúwo wọn lọ sẹ́yìn, síbi tí ọ̀nà èémí wà gan-an. Bí a bá yí fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìwúwo náà kò kúrò, ṣùgbọ́n ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló dorí kọ. Ìkejì kì í hàn sí ojú, òun sì ni mo rò pé ó yẹ ká máa sọ sí i. Ẹ̀dọ̀fóró tó kún dáadáa máa ń fa gògóńgò sísàlẹ̀ díẹ̀, fífà yẹn sì ń mú kí ògiri ọ̀fun dúró. Bí a bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ohun inú ikùn á ti iṣan èémí sókè sínú àyà, afẹ́fẹ́ tó ń ṣẹ́ kù sínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn tí a mí síta á dín kù, fífà náà á sì dẹ̀. Ẹni tí ikùn rẹ̀ tóbi ni èyí ń bá jà jù. Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti dídùbúlẹ̀ lápapọ̀, ì báà ṣe ẹ̀yìn, ì báà ṣe ẹ̀gbẹ́. Omi tó ti rọ̀ sẹ́sẹ̀ lójú mọmọ, pàápàá lára ẹni tó jókòó tàbí tó dúró sójú kan láti àárọ̀, máa ń padà sókè lóru, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń dé ọrùn. Douglas Bradley àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Toronto ti fi hàn pé bí omi tó kúrò lẹ́sẹ̀ lóru bá ṣe pọ̀ tó ni ọrùn ṣe ń fẹ̀ sí i tó, tí èémí sì ń dúró léraléra tó, àní lára àwọn ọkùnrin tí kò sanra.

Bí èémí bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ó kéré tán, àwọn oníṣègùn á kà á sí ìgbà kan. Wọ́n á tún ka ìgbà tí èémí kò dúró tán ṣùgbọ́n tó dín kù débi tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ fi lọ sílẹ̀ tàbí tí ọpọlọ fi ta jí. Wọ́n á pín àròpọ̀ rẹ̀ sórí wákàtí tí ènìyàn fi sùn. Bí ó bá jẹ́ 5 sí 14 ní wákàtí kan, àìsàn náà kò tíì le. 15 sí 29 jẹ́ ti àárín. 30 sókè le. Ọpọlọ á máa ta jí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti ṣí ọ̀nà náà, ẹni tó ń sùn kò sì ní rántí ọ̀kankan nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ohun tó máa mọ̀ ni pé orí ń fọ́ òun láàárọ̀, ẹnu òun gbẹ, òun dìde tọ̀ léraléra, òun sì ń tòògbé lórí ìjókòó, tàbí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn kò ká máa ń ní àìsàn yìí nínú lọ́pọ̀ ìgbà. Ìṣirò kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Respiratory Medicine lọ́dún 2019 fi iye àwọn tí èémí wọn ń dúró lójú oorun lágbàáyé, láàárín ẹni ọdún 30 sí 69, sí mílíọ̀nù 936.

Rosalind Cartwright, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Chicago tí ọ̀pọ̀ mọ̀ mọ́ iṣẹ́ lórí àlá, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ di ohun tí a ń kà. Lọ́dún 1984 ó wo oorun àwọn ọkùnrin kan tí èémí wọn ń dúró. Ó ya wákàtí tí wọ́n fi fẹ̀yìn sùn sọ́tọ̀ kúrò lára wákàtí tí wọ́n fi fẹ̀gbẹ́ sùn. Iye ìgbà tí èémí dúró ní ti ẹ̀yìn jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹ̀gbẹ́, ìyàtọ̀ náà sì ń dín kù bí ẹni náà bá ṣe sanra tó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ẹni tí iye ti ẹ̀yìn rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹ̀gbẹ́ ní ẹni tí ipò ara ń dà láàmú. Lọ́dún 1997, Arie Oksenberg àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì wo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 574, wọ́n sì rí i pé 55.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà ní ìsọ̀rí yìí. Àwọn wọ̀nyí kéré lọ́jọ́ orí díẹ̀, wọn kò sanra tó àwọn yòókù, àìsàn wọn kò sì le tó tiwọn. Ó lé ní ìdajì. Ìdí nìyí tí ìbéèrè mi kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ wá fara balẹ̀ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkùnrin kan wà tí èémí rẹ̀ ń dúró ní ìgbà 40 ní wákàtí kan bó bá fẹ̀yìn sùn, àti ìgbà 6 péré bó bá fẹ̀gbẹ́ sùn. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò oorun. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn lórí, láyà, lẹ́sẹ̀, kò lè yí bó ṣe fẹ́, ó sì fẹ̀yìn sùn fún wákàtí 6 nínú 8. Ogójì lọ́nà 6 jẹ́ 240, 6 lọ́nà 2 jẹ́ 12. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 252. Ẹ pín in sí 8, ó jẹ́ 31.5. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn rẹ̀ le. Ní òru mìíràn, ọkùnrin yìí kan náà fẹ̀yìn sùn fún wákàtí 2, ó fẹ̀gbẹ́ sùn fún 6. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 116. Bí a bá pín in sí 8, ó jẹ́ 14.5. Wọ́n á ní kò tíì le. Ọ̀fun rẹ̀ kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàtọ́jú kankan láàárín òru méjèèjì.

Bí ẹ bá gba èsì àyẹ̀wò tí nọ́ńbà kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, ẹ má tíì kúrò níwájú dókítà. Ẹ bi í pé mélòó ni ti ẹ̀yìn, mélòó ni ti ẹ̀gbẹ́, wákàtí mélòó ni ẹ sì fi wà ní ipò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó péye máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó bọ́ nínú ewu nítorí pé ó fẹ̀gbẹ́ sùn lálẹ́ àyẹ̀wò ń padà sílé lọ fẹ̀yìn sùn. Èyí máa ń dùn mí, nítorí ọkọ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa wà fún ìrìn àjò jíjìn.

Àyẹ̀wò oorun kò tíì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í dá sùn, ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fi owó wá sì wà nílé wa lọ́fẹ̀ẹ́: ẹni tó lè jẹ́rìí. Kí ọkọ tàbí aya, tàbí ọmọ tó ti dàgbà, jókòó tì í fún bí ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó bá ti sùn wọra. Bí ó bá gbà fún yín, ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀. Ẹ tún wò ó ní ìdájí, nítorí apá ìparí òru ni oorun àlá pọ̀ jù, ìgbà náà sì ni ọ̀fun ń rọ̀ jù. Ẹ má tẹ́tí sí ariwo nìkan. Ìdákẹ́ tó bọ́ sáàárín ìhanrun méjì, tí àyà ṣì ń jà, tí èémí wá já jáde pẹ̀lú ìró ńlá, òun ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Kí ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀yìn ló fi sùn ni, àbí ẹ̀gbẹ́? Orí ńkọ́, ṣé ó kọjú sókè ni, àbí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́? Ara lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ojú ṣì kọ sókè, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú fífi ẹ̀gbẹ́ sùn tán.

Bí ó bá wá hàn pé ẹ̀yìn ni ọ̀tá, kí la máa ṣe? Èyí tó ti pẹ́ jù ni kí wọ́n rán bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù, láàárín èjìká méjèèjì, kí ó má bàa rọrùn láti fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ènìyàn kì í lè fara dà á pẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 2009 tọ àwọn tí wọ́n fún ní irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn tó ṣì ń lò ó kò tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ló mú kí Nico de Vries àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amsterdam máa ṣèwádìí lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ àyà tàbí ọrùn. Bí ẹni náà bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ̀rọ náà á máa gbọ̀n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí á fi yí padà láìjí tán. Àwọn ènìyàn fara mọ́ ọn ju bọ́ọ̀lù lọ. Fún ẹni tí kò lè ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn tèmi ni ìrọ̀rí gígùn tàbí aṣọ tí a ká dáadáa sẹ́yìn rẹ̀ láti èjìká dé ìbàdí, àti ìrọ̀rí mìíràn tí yóò gbá mọ́ra níwájú kí apá má bàa máa kú tì í. Kí ará ilé sì máa ṣọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bóyá ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ lóòótọ́.

Gbígbé ìhà orí ibùsùn sókè náà ń ṣèrànwọ́. Lọ́dún 2017, àwọn oníṣègùn kan ní Brazil gbé gbogbo ibùsùn dagun sókè ní dìgírì 7.5 péré, iye ìgbà tí èémí àwọn aláìsàn ń dúró sọ̀ kalẹ̀ láti 15.7 sí 10.7 ní wákàtí kan. Lórí bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní mítà 2, dìgírì yẹn tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 26 lábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níhà orí, kí ohun tí a fi gbé e sì dúró ṣinṣin. Ẹ má fi ìrọ̀rí mẹ́ta léra wọn dípò èyí. Orí nìkan ni ìyẹn ń gbé, ọrùn á tẹ̀, àgbọ̀n á lẹ̀ mọ́ àyà, ọ̀nà tí a fẹ́ là á sì tún tóóró sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é pẹ̀lú èrò rere.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ẹ̀gbẹ́ yanjú ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bó ṣe pọ̀ ní ẹ̀yìn nílò ìtọ́jú tó ju èyí lọ, irú rẹ̀ sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó sanra gan-an. Ẹ̀rọ tí Colin Sullivan gbé jáde ní Sydney lọ́dún 1981, tí gbogbo ayé ń pè ní CPAP, ṣì ni ìtọ́jú tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù fún èyí tó le. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú wọlé, atẹ́gùn náà á sì la ọ̀fun sílẹ̀ láti inú. Iná ló ń lò, a sì mọ bí iná ṣe ń ṣe nílùú wa. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ ronú bátìrì mọ́ ọn. Lálẹ́ tí iná bá lọ, tí bátìrì sì tán, kí ẹni náà fẹ̀gbẹ́ sùn. Ara tó sanra ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe pẹ̀lú: ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i lọ́dún 2000 pé ẹni tí ìwúwo rẹ̀ fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, iye ìgbà tí èémí rẹ̀ ń dúró ń fi bí ìdá 32 lé sí i. Ọtí alẹ́ àti oògùn oorun ń rọ iṣan ahọ́n. Ẹni tó mutí sùn, tó tún fẹ̀yìn lélẹ̀, ti fi méjì kún un. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé ló ń hanrun lójoojúmọ́, ẹ má jókòó ti ìrọ̀rí. Ẹran tó wú lọ́fun, tí a ń pè ní bẹ́lúbẹ́lú, ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀, iṣẹ́ dókítà ọ̀fun sì ni.

Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra gidigidi. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ẹ̀gbẹ́, ti àgbà ni. Ọmọ jòjòló tí kò tíì pé ọdún kan gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn sùn. Lọ́dún 1992 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe dojú ọmọ délẹ̀ sùn mọ́, ìpolongo tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1994 sì ní kí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn. Ikú òjijì tó ń pa ọmọ lójú oorun lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí a fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ lè yí dojú bolẹ̀ kí ó má sì lè gbé orí. Aboyún ní tirẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ 28, kó máa fẹ̀gbẹ́ sùn, nítorí pé bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ilé ọmọ ń tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Bí ó bá jí bá ara rẹ̀ ní ẹ̀yìn, kó má jáyà, kó kàn yí padà.

Ó ku ibì kan tí ìbéèrè wa ti lè gba ẹ̀mí là, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i pé àwọn ènìyàn ń dákẹ́ jù: ilé iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ sọ fún dókítà tó máa fún yín ní oògùn tí ẹ máa fi sùn pé ẹ ń hanrun, pé ará ilé yín ti rí i tí èémí yín dúró. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Oògùn yẹn àti oògùn ìrora tó ń tẹ̀ lé e ń rọ ọ̀fun ju oorun lásán lọ. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn dókítà akunnilóorun ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí ojú egbò bá gbà á. Kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ tàbí kí wọ́n gbé e jókòó díẹ̀, kí wọ́n sì máa wo ọ́síjìn rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé tó bá jókòó ti aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, bí ẹ bá gbọ́ tí ìhanrun rẹ̀ já, tí ìdákẹ́ tẹ̀ lé e, ẹ má rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn dáadáa ni. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.